Ojúlé, Kọ́kọ́rọ́ àti Òǹtẹ̀: Èrò lórí Orúkọ tí à ń pe Àwọn Nọ́ńbà Owó

Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ èdè-ìperí ti sọ ọ́ di àṣà láti máa ka iṣẹ́ wa sí iṣẹ́ inú kíláàsì. À ń wá orúkọ fún ohun tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́; bí orúkọ náà bá tọ̀nà ní ti gírámà, tí ó sì ṣe é pè lẹ́nu, a gbà pé iṣẹ́ ti parí. Bí orúkọ kò bá dára tó, ohun tí ó burú jù tí ó lè ti ibẹ̀ yọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbàgbé rẹ̀ kí ó tó wọ yàrá ìdánwò. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé apá kan wà nínú iṣẹ́ wa lónìí tí àìsí orúkọ gidi ti ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Apá náà ni ti owó orí fóònù àti ti ẹ̀rọ ayélujára. Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, níwájú ààfin Ewì, ni n óò ti mú àpẹẹrẹ mi, nítorí pé ẹnu àwọn tí ó ń lo ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kí a tó gbé e wọ inú ìwé.

Ẹni tí ó bá dúró fún wákàtí kan lábẹ́ agbòjò oní-POS kan ní Ọjà Ọba yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní àìmọye ìgbà: nọ́ńbà. “Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, màmá.” Nọ́ńbà àkáùǹtì ni èyí. “Ẹ tẹ nọ́ńbà yín síbẹ̀.” PIN ni èyí. “Nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ kà á sí mi létí.” OTP ni èyí. Bí wọn kò bá pè é ní nọ́ńbà, kóòdù ni wọn yóò pè é, kóòdù náà ni a sì tún ń pe *894# tàbí *737# tí à ń tẹ̀ láti fi bá báńkì sọ̀rọ̀. Mélòó nínú wa ni kò tíì rí àgbàlagbà tí ó ké PIN rẹ̀ sókè fún oní-POS kí ó bá òun tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ènìyàn mẹ́ta tò sẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ohun wọ̀nyí wò. Nọ́ńbà àkáùǹtì jẹ́ fígọ̀ 10 ní gbogbo báńkì Nàìjíríà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè san owó sínú àkáùǹtì náà. Kò lè fi òun nìkan mú kọ́bọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń kọ ọ́ sára páálí tí wọ́n sì ń gbé e kọ́ sí ojú ìsọ̀, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Kóòdù bíi *894# kì í ṣe ti ẹnì kan; báńkì fúnra rẹ̀ ni ó ń polówó rẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n. PIN, tí ó sábà máa ń jẹ́ fígọ̀ 4, ni ó ń ṣí owó. Ẹni tí ó ni owó nìkan ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n. Òṣìṣẹ́ báńkì pàápàá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè rẹ̀. OTP ni èyí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ mú owó jáde, tàbí tí ó fẹ́ gbé àkáùǹtì náà sórí fóònù mìíràn. Ó sábà máa ń jẹ́ fígọ̀ 6, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ohun tí báńkì ń fi í bèèrè ni pé, “Ṣé ìwọ gan-an ni?” Ẹni tí ó bá kà á jáde fún ẹlòmíràn ti dáhùn pé, “Èmi ni, ẹ kó o fún un.” BVN, tí CBN, báńkì ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2014, jẹ́ fígọ̀ 11, NIN náà jẹ́ 11, nọ́ńbà fóònù pàápàá jẹ́ 11. Àwọn ohun tí ìwà wọn yàtọ̀ síra bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru ni a kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Ìdàrúdàpọ̀ yìí ni gbájúẹ̀ ń jẹ. Kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀rọ ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n èdè ni. Ó mọ̀ pé ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ ti sọ “nọ́ńbà” rẹ̀ fún oníbàárà mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ náà, owó wọlé, ibi kankan kò sì ṣẹlẹ̀. Kí ni yóò wá mú un fura sí ẹni kọkànlá tí ó pè é lórí fóònù pé òun náà fẹ́ gba “nọ́ńbà”? Ọ̀rọ̀ kan náà ni etí rẹ̀ gbọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ni ó ti yí padà, èdè kò sì fún un ní àmì kankan tí yóò fi mọ̀.

Gbájúẹ̀ a sì máa ṣọ́ ìgbà tí àṣẹ tuntun bá ti Àbújá jáde. Ní 2015, nígbà tí gbogbo oníbàárà báńkì ń sáré forúkọ sílẹ̀ fún BVN, ohun tí ẹni tí ó ń pè máa ń sọ ni pé BVN kò tíì wọlé, a sì fẹ́ ti àkáùǹtì pa. Ní ìparí 2020, àṣẹ jáde pé kí a so NIN mọ́ síìmù. Ìpè yí ohùn padà, ó di ti NIN. Nígbà tí ó di oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2023, lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000, owó bébà wọ́n bí ojú, ọlọ́jà tí kò gba owó lórí fóònù rí sì di ẹni tí ó ń gbà á ní túláàsì. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó, ṣùgbọ́n àṣà tuntun ti wọ ọjà nígbà yẹn, kò sì tún jáde mọ́. Àwọn tí kò ní àkókò láti kọ́ ìyàtọ̀ nọ́ńbà kan sí èkejì ni ó bọ́ sínú rẹ̀ lójijì.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí onímọ̀ èdè gbójú fò dá. Ìwé tí ìyá ọlọ́jà fọwọ́ sí nígbà tí ó ṣí àkáùǹtì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Áláàtì tí ó ń wọlé fún un, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìkìlọ̀ pé kí ó má ṣe sọ PIN rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Gbájúẹ̀ ni ó pè é tí ó ní, “Màmá, ẹ kú ọjà o, ẹ kú àtàárọ̀, àwọn ọmọ ńkọ́?” Ó kí i, ó lo “ẹ” fún un, ó sì dúró gba èsì. Bí ó bá tún lè sọ ẹ̀ka-èdè Èkìtì, tí ó pe ilé ní “ulé” bí ìyá náà ti ń pè é, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú gbogbo àwọn tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa owó rẹ̀ lórí fóònù, olè nìkan ni ó ń bọ̀wọ̀ fún un ní èdè rẹ̀.

Lẹ́yìn tí owó bá ti lọ tán, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó ń ṣe ìpalára: “Wọ́n ti háàkì mi.” Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ilẹ̀ kan, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ àyálò. Àyálò kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. A yá báńkì, a yá fóònù, a yá nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ní sí i ni pé ó ń purọ́ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Háàkì túmọ̀ sí pé ẹnì kan fi ọgbọ́n ẹ̀rọ já wọ ibi tí wọn kò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún un. Irú rẹ̀ wà, àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ ńlá ni ó sì ń kó wàhálà jù lọ. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọlọ́jà ń rò fún ara wọn, onílé ni ó ṣílẹ̀kùn. Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Olè a máa wá ní kọ̀rọ̀. Ọlọ́ṣà a máa wá pẹ̀lú ipá. Gbájúẹ̀ a máa wá ní ọ̀sán gangan, ìwọ fúnra rẹ a sì máa ka owó lé e lọ́wọ́. Ìṣọ́ra tí à ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò rí bákan náà. À ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, à ń gba ọdẹ nítorí ọlọ́ṣà, ṣùgbọ́n kò sí àgádágodo tí ó ń dènà gbájúẹ̀ àfi kí ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ó ní “wọ́n háàkì mi” ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí kò sí ohun tí ó lè ṣe, kò sì ní ohunkóhun tí yóò fi kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 2015 tí wọ́n sì tún ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 2024, ya jíjá wọlé sọ́tọ̀ kúrò lára jìbìtì. Ẹnu tiwa ni ó pa wọ́n pọ̀. Kí “já wọlé” dúró fún ohun tí ó jẹ́ jíjá wọlé lóòótọ́, kí “jìbìtì” sì padà sí àyè rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá rò pé mo ń fún orúkọ ní agbára tí kò ní, kí ó wo sogúndogójì. Ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí lórí. Ìgboro ni ó bí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà lójú rẹ̀: ẹni tí ó ní òun yóò sọ ogún di ogójì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ ìlérí náà, ó sì ti gbọ́ yẹ̀yẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. N kò mọ èdè-ìperí kan tí a ṣe nínú yàrá ìpàdé tí ó sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, nígbà tí MMM gbòde ní 2016, tí ó ní òun yóò máa fi náírà 30 lé náírà 100 lóṣooṣù, àwọn ènìyàn kó owó sí i títí ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú ní oṣù kejìlá ọdún náà. CBEX ní tirẹ̀ ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan, èyí tí ó jẹ́ pé ogún di ogójì gan-an ni, láìsí àfikún láìsí àyọkúrò. Ó fọ́ ní oṣù kẹrin 2025, àwọn tí inú ń bí sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ kò fi yọ wọ́n? Nítorí pé kò sí ẹni tí ó pe nǹkan náà ní sogúndogójì nígbà tí wọ́n gbé e wá. Lẹ́tà ni wọ́n fi pè é, lẹ́tà kò sì wí ohunkóhun létí ẹni tí ó gbọ́ ọ. PIN, lẹ́tà ni. OTP, lẹ́tà ni. BVN, lẹ́tà ni.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa. Ọ̀nà tí ó yá wa lára jù ni pé kí a tú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì náà palẹ̀, kí a sì túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún PIN, “nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara-ẹni” ni a óò rí. Gírámà rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kí ni à ń fi ìdánimọ̀ ṣe? À ń fi í hàn ni. Káàdì ìdánimọ̀ ni à ń yọ han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ilà ojú ni àwọn baba wa fi ń dá ara wọn mọ̀ lójú ogun. Orúkọ yìí ń sọ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ pé kí ó fi ohun náà hàn nígbà tí wọ́n bá bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni èyí gan-an ni ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Fún OTP, ọ̀nà kan náà yóò fún wa ní “ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlẹ́ẹ̀kan”. Orí “ẹ̀ẹ̀kan” ni orúkọ yìí gbé ìwúwo rẹ̀ lé, ẹni tí ó sì gbọ́ pé ohun kan kò ní í wúlò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lè kà á sí ohun tí kò níye lórí, bí ìwé ọkọ̀ tí a ti já. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni kò dára láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ìdí tí a óò fi jogún àléébù rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ dábàá wá láti inú ilé, nítorí pé ilé ni gbogbo wa fi ń ronú nípa ohun ìní. Kí a pe nọ́ńbà àkáùǹtì ní ojúlé. Ojúlé ni à ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ gbé ẹrù wá fún wa. Ẹni tí ó mọ ojúlé mi kò tíì wọ yàrá mi. Kí a pe *894# àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀kùn: gbogbo ẹni tí ó ń kọjá lọ ní títì ni ó ń rí i. Kí a pe PIN ní kọ́kọ́rọ́, kí ọ̀rọ̀ tí à ń fi wọ ìkànnì orí ayélujára, tí àwọn kan ń pè ní ọ̀rọ̀ aṣínà, sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kí a sì pe OTP ní òǹtẹ̀.

Orí òǹtẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé òun ni owó ń bá lọ jù. Òǹtẹ̀ ni ohun tí à ń tẹ̀ sára ìwé láti fi hàn pé ọwọ́ ẹni tí ó ni àṣẹ ni àṣẹ ti wá. Ìyá tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà mọ ohun tí òǹtẹ̀ jẹ́ dáadáa. Ó ti ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà rí láti gba owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, láti dìbò, tàbí láti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó mọ̀ pé a kì í tẹ̀ ẹ́ sí ìwé tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ní, “Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu,” ni ó yẹ kí a sá fún. Gbogbo ìmọ̀ yìí ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. A kò ní láti pe ẹnikẹ́ni jọ láti wá kọ́ ọ. Pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń ṣiṣẹ́ kò sì nílò àlàyé, nítorí pé ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Òǹtẹ̀ kan náà ni fígọ̀ 6 tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí orúkọ rẹ lórí fóònù mìíràn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ fún àjèjì yóò gbọ́ ní ọ̀la pé òun ti ń yá owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá òun, òun tí kò tilẹ̀ gbé fóònù.

Àǹfààní mìíràn tí ó wà níbẹ̀ ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ojúlé, à ń júwe rẹ̀. Ilẹ̀kùn, à ń kàn án. Kọ́kọ́rọ́, à ń fi í pamọ́. Òǹtẹ̀, à ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. À ń sọ ọ́, à ń kà á, à ń fi í ránṣẹ́, kò sì sí èyí tí ó ní ewu létí nínú wọn. Ẹni tí ó bá ní “ẹ ka nọ́ńbà náà fún mi” tọrọ ohun kékeré. Ẹ fi òǹtẹ̀ sínú gbólóhùn kan náà, kí ẹ sì gbọ́ bí yóò ti rí: “Ẹ bá mi tẹ òǹtẹ̀ yín sí i.” Gbájúẹ̀ kò lè sọ èyí tán láìjẹ́ pé ó ti fi ara rẹ̀ hàn.

BVN àti NIN ni ó yẹ kí ó jẹ́ orúkọ ìdánimọ̀ ní tiwọn, ìdánimọ̀ báńkì àti ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, nítorí pé ìdánimọ̀ ni wọ́n ní tòótọ́. BVN nìkan kò lè mú owó jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè máa ṣe bí ẹni pé òun ni ìwọ. Áláàtì ńkọ́? Mo gbà pé kò ní í ṣeé lé kúrò lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ ni pé a ti sọ ọ́ di owó. “Áláàtì ti wọlé,” ni à ń wí, a sì gbé ọjà fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé lásán ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan kọ irú rẹ̀ ránṣẹ́ kí ó sì fi orúkọ báńkì síwájú rẹ̀. Ìró owó ni ó yẹ kí a máa pè é. Ìró ni à ń gbọ́ kí a tó lọ fi ojú rí, nítorí náà ẹni tí ó gbọ́ ìró yóò gba ẹnu ilẹ̀kùn lọ wo iye tí ó wà nílé gan-an kí ó tó tú ọjà sílẹ̀. (Èmi kò lè ṣe kí n má sọ ọ́: fáwẹ́lì àti ohùn díẹ̀ ni ó wà láàárín ìró àti irọ́.)

Síìmù ni ó ṣòro fún mi. Bí olè bá jí fóònù ní àárín èrò ọjà, síìmù ni yóò kọ́kọ́ yọ sínú fóònù tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo òǹtẹ̀ tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń lọ, bí ó bá sì tẹ *565*0#, ìdánimọ̀ báńkì onítọ̀hún yóò jáde sí i. Mo ti ronú sí “àtàǹpàkò”, nítorí pé òun ni à ń fi tẹ òǹtẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n a kì í yọ àtàǹpàkò kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kí síìmù máa jẹ́ síìmù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé òun náà ní kọ́kọ́rọ́ tí a lè fi tì í láti inú fóònù, tí kò fi ní í ṣiṣẹ́ nínú fóònù mìíràn àfi bí wọ́n bá tẹ fígọ̀ náà, àwọn tí ó sì ń lò ó kò pọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò sọ. Wọn yóò ní èdè-ìperí kò gbọdọ̀ ní ìtumọ̀ méjì, àti pé kọ́kọ́rọ́ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èmi kò rí ewu níbẹ̀. Fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa. Ó wà lára ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nínú Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olótùú ìkejì ní 1990. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, kòkòrò, aràn àti kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kó jọ láti fi sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣi aràn inú ẹ̀rọ gbé mọ́ aràn inú ikùn.

Àtakò tí ó ní iwúwo ni èyí: gbájúẹ̀ kò ní í lo orúkọ wa. Òótọ́ ni. Yóò máa pè é ní nọ́ńbà lọ ni. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí orúkọ náà wà nínú jọ́nà yìí nìkan. Amóhùnmáwòrán kò wọ ẹnu ènìyàn nítorí pé ó wà nínú ìwé atúmọ̀. Láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959 ni àwọn oníròyìn ti ní ìdí láti máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí etí fi gbà á. Rédíò Èkìtì lè ṣe èyí fún òǹtẹ̀, ìyálọ́jà àti àwọn olórí ìsọ̀ ní Ọjà Ọba sì lè ṣe é ju rédíò lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ó tọ́ sí i jù lọ ni inú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó gbé fígọ̀ náà wá. Nígbà tí gbájúẹ̀ bá ní “ẹ ka nọ́ńbà tí ó wọlé”, “òǹtẹ̀ yín” ni kí ìyá náà, tàbí ọmọ tí ó ń bá a kà á, rí lójú fóònù. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti ń fi Yorùbá dá oníbàárà lóhùn tipẹ́; kò sí ohun tí ó ní kí báńkì má lè fi kọ ìlà kan.

Owó ni wọn yóò fi ṣe àwáwí, àwáwí náà sì ní ìdí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba àmì 160 bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àtẹ lẹ́tà tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù fún fóònù. À, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, nítorí àwọn Faransé àti àwọn ará Ítálì. Ẹ, ọ, ṣ, á àti ń kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, àyè yóò dínkù láti 160 sí 70, ohun tí ó bá sì ju 70 lọ yóò di àtẹ̀jíṣẹ́ méjì, yóò sì di owó méjì. Àwọn kan yóò ní kí a yọ gbogbo àmì kúrò. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé a kò nílò rẹ̀. Ẹ wo èyí: “Òǹtẹ̀ yín: 482913. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Báńkì kì í bèèrè rẹ̀.” Mo kà á pẹ̀lú àmì ohùn, àmì abẹ́ lẹ́tà àti àlàfo: 65 ni. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n fi “tẹ̀ ẹ́” rọ́pò “sọ ọ́”, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn yóò sì sọ ọ́ di 66.